Ẹ̀mí Bọ̀ọ̀dá Mi Nínú Káàdì

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ń sun pàǹtí ládùúgbò, tí òórùn páálí tó ń jó bá gba ojú fèrèsé wọlé, ọwọ́ ọ̀tún mi a ti kó sábẹ́ aṣọ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní obìnrin tó ń dá wakọ̀ lọ sí Ìbàdàn, tó ń bá ọlọ́pàá ojú títì jiyàn, ló ń sá fún èéfín. Àwọn àgbà ṣáà ti ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Èmi mọ ejò tó bù mí jẹ.

Ìgàndò là ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn. Káfíńtà ni bàbá mi, Dópémú ló ní ṣọ́ọ̀bù sí, kì í sì í sí nílé bí a bá jí. Màámi ń ránṣọ níwájú ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì ti wá, wọ́n sì kó òfin ibẹ̀ mọ́ ẹrù wá sí Èkó. Èyí tó le jù fún mi nínú òfin náà ni pé n kò gbọdọ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ péré ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n "Bọ̀ọ̀dá mi" ni mo gbọ́dọ̀ máa pè é, "ẹ" ni mo sì gbọ́dọ̀ máa fi bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá baálé ilé sọ̀rọ̀. Bí orúkọ rẹ̀ bá ṣèèṣì já bọ́ lẹ́nu mi, màámi a ti fa etí mi. Òun náà kò fi ipò yìí ṣeré rárá. Òun ló ń kọ́kọ́ wẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, òun ló sì ń dúró síbi tó dára jù lẹ́nu fèrèsé ìyá olùkọ́.

Ìyá olùkọ́ yìí, ará Èkìtì tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa, ló ní tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ọmọ inú ilé ń wò. Kò jẹ́ kí a wọlé nítorí ẹsẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ó máa ń ká kọ́tìnnì rẹ̀ sókè lọ́sàn-án, kí a lè rọ́ mọ́ fèrèsé láti ìta. Katúùnù àwọn ará Japan kan la kì í fẹ́ pàdánù. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń fi káàdì bá ara wọn jà. Bí wọ́n bá ti ju káàdì sílẹ̀, ẹranko abàmì inú rẹ̀ a dìde, a máa yọ iná lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ń gbéraga, àbúrò ń sunkún, èmi náà a sì máa bá àbúrò sunkún. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀mí ni wọ́n fi ta á. Ẹni tí wọ́n bá jẹ, ẹ̀mí rẹ̀ á wọ inú káàdì lọ, ara rẹ̀ á sì jókòó kalẹ̀ bí ère. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ. A rí ojú rẹ̀ nínú káàdì, ó kéré, ó ń fi ọwọ́ gbá a láti inú bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Lọ́jọ́ kejì tí àbúrò fẹ́ gba ẹ̀mí náà padà, wọ́n mú iná lọ, epo kò sì sí nínú jẹnẹrétọ̀ ìyá olùkọ́. Gbogbo wa la tú ká láìmọ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹ̀mí kúrò nínú káàdì, a kò sì rí apá yẹn wò mọ́ láé.

Kò pẹ́ tí àwọn aláte iwájú ilé ẹ̀kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàdì náà. A kò mọ òfin tí àwọn ará Japan fi ń ta tiwọn, nítorí náà a ṣe tiwa. Ẹnì kan á ju káàdì sílẹ̀, èkejì á fi tirẹ̀ lé e lórí, ẹni tí nọ́ńbà agbára ẹranko rẹ̀ bá pọ̀ jù á kó méjèèjì. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí èèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó tọ́jú alágbára rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó jù ú sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ọgbọ́n náà débi pé àwọn ọmọ Ẹgbẹ́dá ń wá bá a ta. Kìnnìún onírin ni káàdì tó fẹ́ràn jù. Ó ń tọ́jú gbogbo wọn sínú agolo mílíìkì kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Èmi kò tíì jẹ ẹ́ rí. Bí ó bá ti jẹ mí tán, yóò da káàdì mi sí mi lẹ́sẹ̀, yóò ní, "Ọmọdé ni ẹ́, jàre."

Ní ìsinmi gígùn ọdún kan, nígbà òjò, a tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú ti ń bí mi láti àárọ̀ nítorí pé ó ti fi orúkọ ẹ̀gbọ́n jẹ ẹran tèmi mọ́ tirẹ̀. Mo ní, "Bí mo bá jẹ yín lónìí, mi ò ní pè yín ní Bọ̀ọ̀dá mọ́. Orúkọ yín ni màá máa pè."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. "Ìwọ kẹ̀? Ṣé orúkọ nìkan lo rí? Mo fi ẹ̀mí mi sí i. Oya, ta."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó mọ̀yẹn? N kò lè ṣàlàyé bí mo ṣe borí. Mo ní ìjàpá abìyẹ́ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, mo sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi ju kìnnìún onírin rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, ó rò pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Nígbà tí mo fi ìjàpá lé e lórí, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, etí rẹ̀ pọ́n. Ó mú kìnnìún onírin náà, ó mí fùù sí i lójú bí wọ́n ṣe ṣe é nínú katúùnù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi látẹ́lẹwọ́.

"Gbà. Ẹ̀mí mi nìyẹn. Jẹ ẹ́ bí o bá fẹ́."

Ó tú ìyókù káàdì ká, ó sì sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú òjò. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ń pọnmi lẹ́bàá kànga, mo pè é lórúkọ níṣojú àwọn ọmọ ilé, láìfi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu mi bí ṣúgà. Wọ́n pariwo. Ó dáhùn "Hẹn," kò wo ojú mi.

Ní àsúbáà ọjọ́ kejì, kò lè dìde kírun. Ara rẹ̀ gbóná. Màámi ní ibà òjò ni, ó fún un ní àgbo, ó fún un ní oògùn, ó sì ń bá a jà pé ta ló ní kó lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú òjò. Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ òjò. Ẹ̀rù kò tíì bà mí nígbà yẹn, àfi ìtìjú díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, mo wọ yàrá, mo bá a tó jókòó ti ògiri, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì rí wa. Màámi pè é, kò jẹ́. Ó fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n léjìká, orí rẹ̀ kàn ń yí ni. Ó jókòó bí ère. Nínú gbogbo ilé yẹn, èmi nìkan ni mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Bàbá mi pọ̀n ọ́n jáde bí ọmọ ọwọ́, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan bàbá ní orúnkún. Ìyá olùkọ́ ń lé màámi lẹ́yìn pé kí wọ́n yára gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba. Ó ní, "Ẹ tètè máa lọ, ẹ jọ̀ọ́. Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í wo ikú." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn nìkan ni mo gbọ́. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ ibi tí wọ́n dá a dúró sí, nítorí náà wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá olùkọ́, èmi àti káàdì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi, tàbí kí ẹ rín in díẹ̀. N kò dojú káàdì náà bolẹ̀, kí ó má bàa sé e léèémí. N kò tẹ̀ ẹ́, n kò jẹ́ kí omi kàn án. Mo gbé e sínú ọ̀rá, ẹ̀rù tún bà mí pé kò sí atẹ́gùn níbẹ̀, mo yọ ọ́. Mo wo ojú kìnnìún náà títí, mò ń wá ojú tó kéré, ọwọ́ tó ń gbá a láti inú. Nígbà mìíràn mo rò pé mo rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jáde, mi ò pe orúkọ yín mọ́." Kìnnìún kàn ń wò mí ni. Mo bi àwọn ọmọ ilé gbogbo bóyá wọ́n rí ìparí katúùnù yẹn níbòmíràn. Kò sẹ́ni tó rí i.

Mo wá lọ bá àfáà wa ní ilé kéwú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n n kò lè sọ gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àfáà, ṣé èèyàn lè fi ẹ̀mí ara ẹ̀ ta tẹ́tẹ́?"

Ó gbójú sókè kúrò lórí wàláà ọmọ tó ń yẹ̀ wò. "Ẹ̀mí kì í ṣe tiwa, ọmọ mi. Ti Ọlọ́hun ni, Ó kàn fi pamọ́ sọ́wọ́ wa ni. Ta ló wá máa fi nǹkan oníǹkan ta tẹ́tẹ́?"

Ó rò pé òun ti tù mí nínú. Èmi rò ó lójú ọ̀nà títí mo fi délé, ẹ̀rù mi sì di méjì. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀mí tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi pàápàá. Ti Ọlọ́hun ni. Ohun tí Ọlọ́hun fi pamọ́ ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọbìnrin kan ní Ìgàndò, tí Ọlọ́hun sì lè máa wá a kiri lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣe ohun tí mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu jù. Mo gbé kìnnìún onírin padà sínú agolo mílíìkì rẹ̀. Mo ní bóyá bí ẹ̀mí náà bá wà láàárín àwọn nǹkan tó mọ̀, ara á tù ú, kò sì sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan agolo yẹn. Mo dé e, mo sì lọ sí kéwú lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́ díẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Nínú ìgbóná ara yẹn, ó ń ké pé, "Káàdì ti gbé mi lọ. Mo wà nínú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ mí nù." Màámi gbọ́ ọ títí, jìnnìjìnnì mú un. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ọmọ tirẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì wá sọ fún un pé àlùjọ̀nnú ló wà nínú àwọn káàdì yẹn, pé kí ó yáa lọ dáná sun wọ́n kí ọmọ tó lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èwo ni màámi ì bá tún dúró gbọ́? Ó fi bàbá mi sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sáré wálé.

Láti ẹ̀yìnkùlé ni mo ti gbóòórùn rẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀. Màámi dúró níwájú iná pàǹtí, gèlè rẹ̀ ti tú, ó ń da agolo mílíìkì dojú kọ iná, ó ń pe orúkọ Ọlọ́hun. Mo rí kìnnìún onírin. Ó wà lókè pátápátá, etí rẹ̀ kan ti ń ká sókè, iná aláwọ̀ ewé ń là á lẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò rántí pé mo sáré. Mo kàn rí ọwọ́ mi nínú iná ni.

"Ẹ̀mí Bọ̀ọ̀dá mi ni! Màámi, ẹ̀mí Bọ̀ọ̀dá mi lẹ ń sun!"

Ó fà mí sẹ́yìn, ó ki ọwọ́ mi bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, mo sì ń gbé ọwọ́ kejì sókè kí omi má bàa kan káàdì. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú ẹkún: ìtakáàdì, ẹ̀mí, orúkọ tí mo pè lẹ́bàá kànga. Mo ń retí kí ó fa etí mi. Kò fà á. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú, ó wo káàdì náà, ó wo iná, ó tún wo káàdì. Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbà á kí ó jù ú padà síná, ọwọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ mi.

"O ní ó mí sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, mà."

"Lórí ìjókòó, àbí lórí ìdúró?"

Títí di òní n kò mọ ìdí tó fi bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo ní lórí ìjókòó ni. Ó mí kanlẹ̀, ó dìde, ó fi òróró pa ọwọ́ mi, ó sì mú mi lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ṣa èyí tó mọ́ jù nínú àwọn àgékù áńkárá rẹ̀, ó fi wé káàdì tí etí rẹ̀ ti jó, ó sì rán an pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń rán aṣọ oníbàárà pàtàkì. Nígbà tó parí, tírà gidi ló jọ. Ó fi sí mi látẹ́lẹwọ́ tí kò jó. "Má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Má sì jẹ́ kí àfáà rí i, ó máa bi wá pé ta ló ṣe é fún wa."

Lẹ́yìn náà a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ń dúró. Etí káàdì ti jó. Kí ló jó lára ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé etí ni, àbí ọwọ́? Àbí ó ti tán? Àdúrà ń jáde lẹ́nu màámi, kò wo ojú mi. Kí oòrùn tó wọ̀, a rí bàbá mi tó ń bọ̀ lókèèrè, òun nìkan. Ó gbé kúlà oúnjẹ dání, ó sì fi báàgì aṣọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ apá. Màámi dìde, ó tún jókòó. Ta ni í kó aṣọ aláìsàn padà wálé? Bàbá mi gbé ẹrù kalẹ̀, ó bu omi, ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀tún tán, ó bọ́ sí òsì, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ ayé. Mo di tírà áńkárá náà mú.

Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán ló ní, "Ara ẹ̀ ti silẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ tútù lòun fẹ́ mu. Ẹ fọ aṣọ yìí, òórùn oògùn ti pọ̀ lára ẹ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Ó ní kí n bi ẹ́ pé ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ. Kí ló gbé fún ẹ?"

Màámi bú sẹ́kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bàbá mi sì ń wò wá bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó padà wálé. Ó ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ ti gùn, ṣòkòtò rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ nídìí. Mo fẹ́ dá tírà náà padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ohun tí wọ́n bá jẹ, wọn kì í fúnni lásán, pé òun á jẹ ẹ́ padà ni. Ìyókù káàdì ti jó tán, nítorí náà a gé bébà tí màámi fi ń gé bátánì aṣọ, a ya àwọn ẹranko wa sí i láti inú orí, a kọ nọ́ńbà wọn sí abẹ́. Màámi ń wò wá láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì dún ní gbogbo àsìkò yẹn.

A ta á títí ó fi ku káàdì kan lọ́wọ́ oníkálukú. Ìjàpá abìyẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé kò ní ohun tó lè borí rẹ̀. Mo wo egungun ọrùn rẹ̀. Bí mo bá tún jẹ ẹ́ ńkọ́? Bí ara rẹ̀ bá tún gbóná lọ́la ńkọ́? Mo ń wá ọgbọ́n tí mo fi máa ní mo ti juwọ́ sílẹ̀.

"Wò ó," ó ní, "mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ. Jù ú sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ní ọsibítù yẹn o, ó bà mí gan-an. Má tún fi àánú bá mi ta bíi pé mo ti kú."

Mo di ojú, mo jù ú sílẹ̀. Nígbà tí mo la ojú, ó ń wo ìjàpá bébà náà. Mo dúró de kí ó tú káàdì ká. Kò tú u. Ó kó wọn jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n, ó kó wọn fún mi.

"Ó dáa. Máa bá mi tọ́jú ẹ̀. Èmi fúnra mi, ǹ bá ti sọ ọ́ nù." Ó ronú díẹ̀. "Orúkọ mi náà, o jẹ ẹ́ o. O lè máa pè é."

Mo ya ẹnu láti pè é. Kò jáde. Ohun tó jáde ni, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Ọdún ti gorí ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ti nílé ní Bàrúwà, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ikùn rẹ̀ ti yọ, ó sì ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ta káàdì láì tú u ká bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Èmi náà ti kàwé, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ibà, mo mọ ohun tí oògùn ń ṣe. Mo mọ̀ pé bébà ni bébà. Ọmọ mi ní òun lè bá mi wá ìparí katúùnù yẹn lórí fóònù kí n tó ṣẹ́jú. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Tírà áńkárá náà wà nínú àpótí mi lábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó mi, mo sì ń dojú rẹ̀ sókè. Bí fóònù bá dún lójijì tí mo bá rí i pé láti Bàrúwà ni, àpótí ni mo ń kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kàn kí n tó gbé e.

Ẹ ó ti rí i pé n kò dárúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Kì í ṣe ìgbàgbé. Orúkọ náà tèmi ni, mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kànga yẹn, n kò fi ẹnu mi pè é mọ́. Lọ́dún Iléyá tó kọjá, ó tẹ̀ mí láago láti kí mi. Bí a ti kíra tán, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, kí ìyàwó rẹ̀ má bàa gbọ́.

"Àbúrò mi, ṣé mo ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo fi ọwọ́ tó lápá iná kan aṣọ náà. "Ẹ wà níbí, Bọ̀ọ̀dá mi."